Ẹ Gbé Tépù Wá, Ká Wọn Màlúù, Ká Wọn Alága

Ẹ̀yin ará Noman's Land ní Kánò! Mi ò wá kì yín lónìí; ẹni tó bá ń wá oríkì kó lọ bá onílù, kó sì mú owó dání. Ẹ̀fẹ̀ ni tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má sì ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ẹgbẹ́ lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí mi ò ní í wá.

Láti 1911 tí ojú irin ti wọ Kánò ni àwọn baba ńlá yín ti ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní Sábọ̀n Gàrí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ ti ń gbé lójú ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó wọn nígbà kan, tírélà ló ń kó wọn báyìí. Alaalẹ́ lẹ̀ ń jẹ súyà wọn létí títì, tí ẹ ń fi àlùbọ́sà tì í. Ká wá ní kí ẹ lọ sí ọjà màlúù Wudil lọ ra ẹyọ kan ṣoṣo fún àjọ ẹran ọdún, ojú yín á ṣú. Ẹ mọ orí ẹran, ẹ mọ ìrù ẹran, àárín méjèèjì ni ẹ kò mọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹran wà.

Ẹ wo ìgbìmọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ọgbọ̀n rán lọ lọ́dún tó kọjá.

Alága ló ṣáájú, agbádá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ ọjà, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Ìwo ni Alága ń wò. Ó ní màlúù tí ìwo rẹ̀ bá ga, ẹran rẹ̀ á pọ̀. Alága mi, ṣé ìwo lẹ fẹ́ fi se ẹ̀fọ́ ni? Bó bá jẹ́ ìwo ni ẹran, màlúù Kúrì tó ń gbé etí adágún Chad ni ì bá máa jọba lórí gbogbo wọn. Ìwo tirẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé àìsàn ni. Ṣùgbọ́n òfìfo ló pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi, ìwo náà a máa gbé orí rẹ̀ léfòó. Ẹ lọ ra ìyẹn, kí ẹ pín afẹ́fẹ́ fún ọgbọ̀n ènìyàn.

Bùnájì ni ojú Alága sì máa ń lọ sí, màlúù funfun tí òyìnbó ń pè ní White Fulani. Mi ò bá a jà. Bùnájì ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ẹran ọ̀sìn Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, ka màlúù tó tó mílíọ̀nù 13.9, nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì jẹ́ Bùnájì. Ó funfun, ó ga, ìwo rẹ̀ tẹ̀ lọ sókè, arẹwà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Gùdáálì Sókótó dúró sí: ìwo kúkúrú, àyà tó jìn, ara tó ki, awọ ọrùn tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Alága kọjá lára rẹ̀, kò tilẹ̀ kí i. Ó ní ìwo rẹ̀ kò jọ ti ọlọ́lá. Bí wọ́n ṣe ń fi ọlá pàdánù kílò nìyẹn.

Akápò ní tirẹ̀, ikùn ló ń wò. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá ti tì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Akápò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Akápò, ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó fẹ́ ta màlúù tó rù, kí ló máa ń ṣe? Á fún un ní iyọ̀ tàbí káún lá títí òùngbẹ á fi gbẹ ẹ́, á wá gbé omi síwájú rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ikùn á kún dẹ́mú. Omi kànga lẹ rà, ẹ sanwó ẹran fún un, kí ẹ tó sì dé Kánò ó ti tọ̀ ọ́ dànù sínú mọ́tò. Lójú ẹ̀yin àti Alága ni ẹran ọdún ń ṣàn lọ sí abẹ́ tírélà, ẹ̀ ń sọ pé ẹ kò mọ ohun tó ń rùn.

Ẹnì kẹta wọn ni ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀mọ̀wé, tí kò sí ẹni tó mọ ilé-ìwé tó ti gba orúkọ náà. Ọ̀mọ̀wé ní ojú kò tó, pé ẹnu ni àgbà ń wò. Ó la ẹnu màlúù, ó bojú wò ó, ó ta gìrì, ó ní, "Háà! Ẹran yìí ti darúgbó, gbogbo eyín òkè rẹ̀ ló ti ká tán!" Ariwo ẹ̀rín tó sọ lọ́jà Wudil lọ́jọ́ náà, àwọn àgùntàn tó wà ní òdì-kejì dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni màlúù kò ti ní eyín iwájú lókè. Ẹni tó ń jẹ orí màlúù ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ẹran tó ń jẹ kò ní eyín iwájú lókè, kò sì fura rí! Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Eyín ọmú ló máa kọ́kọ́ wà níbẹ̀, wẹ́wẹ́. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, méjì àárín á ká, ńlá méjì á hù dípò wọn. Lẹ́yìn náà méjì méjì ni yóò máa tẹ̀ lé ara wọn títí yóò fi pé mẹ́jọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ìyẹn ni ọjọ́ orí ẹran. Ti Ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká là á wò.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ Alhaji dílálì, alágbàtà màlúù, díẹ̀, kó má bàa rò pé mo gbàgbé òun. Alhaji, sannu o. Èèyàn dáadáa ni yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú yín, kò sí màlúù tó rù rí láyé. Èyí tó rù, ẹ ní ó ń gbààwẹ̀ ni. Èyí tó ń tiro, ẹ ní ijó ló ń jó. Èyí tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, ẹ ní ó mọ ìjókòó. Bí oníbàárà bá dá owó tó yẹ, ẹ ó ní "albarka", ìyẹn ni pé ẹ kò gbà, ẹ sì tún ṣàdúrà lé e kó má bàa lè bínú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá olówó sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá ẹlẹ́ran sọ̀rọ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan ó kéré tán ni la'ada yín, owó alágbàtà, yóò ti jáde, kódà bí ọ̀run ń wó. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ẹ mọ ìwọ̀n ẹran náà! Àti ẹ̀yin, àti alápatà tó ti dúńbú ẹran fún ogún ọdún, ẹ kan fojú nù ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti mọ kílò tó wà níbẹ̀, ó sì ń ṣòro kí ẹ ṣì í lọ títí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń dákẹ́ nígbà tí Alága bá ń yin ìwo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà rèé. Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ bá wọn lọ lọ́dún náà, kì í ṣe torí ọgbọ́n, àyè ló ṣẹ́kù nínú mọ́tò. Ó gbàgbé tépù sọ́rùn, tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí aṣọ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Aliko Dangote, tó wà ní Wudil níbẹ̀ gan-an, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń gbọ́ àròyé Alága lórí ìwo. Àánú àwọn bàbá yìí ló ṣe é. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá wọn ní tépù yẹn."

Ó kọ́ wọn. Ó ní ibi tí ẹ óò gbé tépù gbà ni ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, lẹ́yìn iké, kó yí àyà ká, kó lẹ̀ mọ́ ara ṣùgbọ́n kó má fún un lọ́rùn pa. Ìyẹn ni àyíká àyà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń wọ̀n lára màlúù, gíga èjìká, ìbú ìdí, gígùn ara, gíga ìbàdí, kò sí èyí tó sún mọ́ ìwọ̀n kílò tó àyíká àyà. Egungun ìhà àti iṣan ló wà níbẹ̀, omi kànga Akápò kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká títí dé egungun ìdí. Kí wọ́n fi àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí wọ́n fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí wọ́n wá pín in sí ọ̀nà 10,840. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kílò ni yóò jáde.

Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ yí ẹ̀yìn tépù síta. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, ínṣì nìkan ló mọ̀. Ó máa ń rò pé wọ́n kàn fi nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ ni. Ó sún mọ́ Bùnájì tí Alága yàn pẹ̀lú ìtẹríba, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ nàró dáadáa, ẹ má mí." Nígbà tó wọn àyà tán, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kó fún un ni àbí kó tú díẹ̀. Màlúù fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn. Tépù fò lọ, Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ fò lọ, méjèèjì padà.

Àyà jẹ́ 150, ibi tí tépù tẹ́lọ̀ parí sí gẹ́lẹ́. Gígùn jẹ́ 130. Mẹkáníìkì wa ọmọ Ígbò, tó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Alága tí wọ́n bí sí Noman's Land lọ, ló tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Kílò 270. Ó tún un tẹ̀. Kílò 270. Akẹ́kọ̀ọ́ ní kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e títí dé orí gíráàmù, pé ara màlúù òyìnbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa ìṣirò yìí yọ, ìyàtọ̀ díẹ̀ á máa wà. Ṣùgbọ́n ó sàn ju ìwo lọ. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún àtàǹpàkò ẹni tó ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: tí 150 bá di 145 nítorí pé ó fa tépù jù, kílò 270 ti di 252 nìyẹn. Kílò méjìdínlógún lọ́wọ́ àtàǹpàkò kan ṣoṣo! Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Tẹ́lọ̀. Ó fi ọwọ́ sápò.

Ẹnì kan ló wá rántí pé Alága ti ṣèlérí ní ìpàdé, ní gbangba, pẹ̀lú gbohùngbohùn, pé olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ yóò gbé kílò mẹ́wàá lọ sílé. Ọgbọ̀n ènìyàn, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn, ẹ̀yin ará! Odindi màlúù pẹ̀lú ìwo, pátákò, awọ, ìgbẹ́ tó wà nínú ìfun àti igbe tó wà lọ́fun rẹ̀, 270 ni. Bí wọ́n bá wá pa á, tí wọ́n bó awọ, tí wọ́n yọ orí, ẹsẹ̀ àti nǹkan inú, nǹkan bí ìdajì ló máa kù so kọ́, egungun sì wà nínú ìyẹn. Kílò mẹ́rin àbọ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alága ní àwọn alátakò ẹgbẹ́ ló wà nídìí ìṣirò yìí.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ ti ṣe ohun tí n kò lè gbàgbé. Ó fa ìwé ìwọ̀n rẹ̀ yọ lápò, ó ṣí i sí ojú ewé Alága, ó kà á sókè: "Ìbàdí Alága, ínṣì 50, nígbà aṣọ Iléyá." Ó ní òun kàn fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó pinnu ibi tí ẹran ń gbà lọ. Agbádá Alága sì fẹ̀ sí i lójú wa.

Ẹ má rò pé àyíká àyà nìkan ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n o. Ibì kan tún wà lára akọ màlúù, lábẹ́ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fi tépù yí ká tìṣọ́ratìṣọ́ra. Wọ́n ti rí i pé akọ tí àpò rẹ̀ bá tóbi, àwọn ọmọbìnrin tó bá bí máa ń tètè bàlágà. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ ní òun kì í rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin oní-fúrà, ẹ tò wá síbí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó lọ́sàn-án gangan, tí ẹ ń pọ́n igbá fúrà dà nónò lá, tí ẹ tún ń nu ẹnu sọ pé màlúù ayé ìsinsìnyí kò lẹ́ran mọ́. Ta ni ẹ rò pé ó ni wàrà yẹn? Ọmọ Bùnájì, tí wọ́n bá bí i, kì í sábà ju kílò 20 sí 25 lọ. Wàrà ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi kílò kún un. Ẹni tó ń sin màlúù fún ẹran máa ń wọn ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, á wọ̀n ọ́n nígbà tó bá já a lẹ́nu ọmú, á tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá pé ọdún kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ máa ń ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ọjọ́ 205 àti ọjọ́ 365 gẹ́lẹ́, kí ọmọ tó ṣáájú dé ayé má bàa fi ọjọ́ orí rẹ́ àbúrò jẹ. Ìwọ̀n ìgbà ọmú yìí, kì í ṣe ti ọmọ nìkan, ọwọ́ ìyá wà níbẹ̀ gan-an. Tí ìyáàfin Fúlàní bá ti fún apá kan fún igbá yín, apá kejì ni ọmọ màlúù yóò fi máa wá sẹ̀ǹtímítà kiri. Ẹ mu àyà rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ẹ wá ń wá àyà náà ní Kérésìmesì!

Ẹ má sì di ẹ̀bi ru Fúlàní. Fúlàní kò bá yín dá àjọ. Ohun tí òun ń yàn nínú agbo rẹ̀ ni abo tó ní wàrà, èyí tó lè rìn láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kejì láìṣubú, èyí tí ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pa nígbà tí koríko bá gbẹ tí gbogbo wọn bá ń fọn. Òjò ni wọ́n fi ń sanra, ọyẹ́ ni wọ́n fi ń rù, ọdọọdún. Oṣù tí wọ́n ń rù gan-an ni ẹ̀yin sì máa ń wọ agbádá lọ ra tiyín, lẹ́yìn tí harawa (pòpórò ẹ̀pà) àti dúsà (èèrí ọkà) ti wọ́n gógó. Ẹni tó bá gbọ́n á rà á ṣáájú, á so ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, á fún un ní pòpórò ẹ̀pà àti èèrí ọkà. Ó lè máa fi nǹkan tó sún mọ́ kílò kan kún ara rẹ̀ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò san owó àjọ títí di oṣù Kọkànlá, kí ni yóò fi so ẹran mọ́lẹ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ yín kan tún wà tó wúwo ju ìyẹn lọ. Akọ tó bá yára dàgbà jù nínú agbo, ta ló ń rà á? Ẹ̀yin ni. Iléyá dé, ẹ nawọ́ sí èyí tó tóbi jù. Kérésìmesì dé, ẹ nawọ́ sí èkejì rẹ̀. Èyí tó rán, tó kúrú, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ló ṣẹ́kù tó ń gun abo. Ẹ óò wá padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ óò ká apá gbera, ẹ óò ní, "Kí ló dé tí màlúù ò tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́?" Ẹ ti jẹ bàbá wọn! Ẹ fi ata rodo sè é, ẹ fi egungun rẹ̀ ta ajá lọ́rẹ.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ẹ má fara pamọ́. Láti 1928 ni oko ẹran ti wà ní Ṣíkà, lẹ́bàá Zaria, ibi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà títí dòní. Wọ́n ti mú Bùnájì, wọ́n ti gbé Friesian òyìnbó gùn ún, wọ́n ti kọ ìwọ̀n ọmọ wọn sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹ ti wọn etí Bùnájì, ẹ ti wọn ìrù rẹ̀, ẹ ti wọn ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé imú. Bí Bùnájì bá mọ̀wé kà ni, ì bá ti béèrè pé kí wọ́n fi orúkọ òun sí ara ìwé-ẹ̀rí yín. Láti Zaria sí Kánò, mọ́tò kan ni. Tépù yín kò tíì wọ mọ́tò náà. Ó kù díẹ̀ kí Bùnájì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí, Alága ṣì ń wo ìwo.

Tí ẹ bá sì ń fi ẹran ilẹ̀ Hausa ṣe yẹ̀yẹ́, kí lẹ ní nílé? Mùtúrù, tí gíga rẹ̀ kì í sábà pé mítà kan. Tí Alága bá jókòó tì í, wọ́n á jọ wo ara wọn lójú. Kétékù, tí Mùtúrù àti màlúù oníké jọ bí. Kí n má purọ́, àwọn kúkúrú yìí ló lè fara da àìsàn eṣinṣin tsetse tó ń pa Bùnájì nínú igbó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó màlúù N'Dama láti Guinea wá sí oko Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́ nígbà kan. Ara kékeré, ẹ̀mí gígùn. Kò sí ẹni tó ń fi wọ́n ṣe ìyàwó ní Noman's Land, ṣùgbọ́n wọn kò kú.

Àwọn òyìnbó tí ẹ rò pé wọ́n gbọ́n jù yín lọ, ẹ wá gbọ́ tiwọn. Ní àwọn ọdún 1940 títí wọ 1950, àwọn adájọ́ ìdíje màlúù ní Amẹ́ríkà kàn dìde lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kúkúrú ló dùn ún wò. Kúkúrú, ki, ẹsẹ̀ ilẹ̀. Èyí tó bá kúrú jù ló ń gba ife ẹ̀yẹ, títí tí ẹ̀yìn akọ Hereford àti Angus fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì ẹni tó ń fà á. Tépù wà lọ́wọ́ wọn o! Ìkòríta tí wọ́n gbé e gbà ló burú. Kò pẹ́, ọmọ aràrá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ìyá àti bàbá tí ojú kò rí àléébù lára wọn, nítorí àbùdá náà ń fara pamọ́ sí ẹ̀jẹ̀ títí méjì yóò fi pàdé. Ọmọ náà á máa mí gùrùgùrù, ikùn á wú, kò ní dàgbà. Olówó agbo tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á ti ìlẹ̀kùn, á ní àlejò kò gbọdọ̀ wọ àgbàlá. Wọ́n wá sá fún kúkúrú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970 sí 1980, gíga ni wọ́n tún ń wọ̀n. Gíga ìbàdí, wọ́n ń fún un ní máàkì. Màlúù ga, ó ga, ó di òpó iná. Ó ń jẹun, kò sanra. Ó ń dàgbà, kò parí. Alága, ẹ̀yin àtàwọn adájọ́ wọ̀nyẹn, ìyá kan náà ló bí yín.

Ti Belgium ló pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n yàn yàn yàn, wọ́n yan iṣan títí ìdí màlúù wọn, Belgian Blue, fi di ìlọ́po. Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ rí àbùdá tó fà á: ohun tó yẹ kó dá iṣan dúró pé "ó tó" ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹran wá pọ̀ débi pé ọmọ kò gba ojú ara ìyá rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Akápò, ẹ lọ ra ìyẹn, kí ẹ sì bá dókítà dá àjọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní Brazil, màlúù oníké tó jẹ́ ẹ̀yà Nelore, tí ìran rẹ̀ ti Íńdíà wá, abo kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Viatina-19. Ó wọn kílò 1,101. Ní 2023, iye tí wọ́n dá lé e lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, ìwé Guinness sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kò sí màlúù tó wọ́n tó o nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́ o. Ẹyin inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà kí irú rẹ̀ lè pọ̀. Mo mọ̀ dájú pé bí wọ́n bá fà á wọ Wudil, Alága á yí i ká lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ẹ dín in kù, ìwo rẹ̀ kò tó nǹkan."

Ẹ jẹ́ ká padà sí tiwa. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ tún lọ. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹran, Alhaji dílálì ti jáde pàdé wọn, tépù lọ́rùn. Háà! Ó ní ayé ti lajú, pé òun náà kì í fi ojú ta ẹran mọ́. Ó fi tépù yí àyà màlúù kan ká níwájú gbogbo wọn: 150. Ó wọn gígùn: 135. Mẹkáníìkì tẹ fóònù: kílò 280. Inú Alága dùn. Akápò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Ọ̀mọ̀wé ní òun kò la ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́.

Àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́pà ṣe tún yọ. Ó wo màlúù, ó wo fóònù, ó ní kí wọ́n fún òun ní tépù náà wò. Ó gbé orí tépù sókè. Kò sí 1 níbẹ̀, kò sí 2. Láti 10 ni tépù Alhaji ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yá ti Ọ̀gá Tẹ́lọ̀, wọ́n tún un wọ̀n: àyà 140, gígùn 125. Kílò 226. Kílò 54 ni Alhaji fẹ́ ta fún wọn tí kò sí lára màlúù kankan lórí ilẹ̀ ayé.

Alhaji fi Ọlọ́run búra pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rà á, pé ẹni tó tà á fún òun dúró síbẹ̀ yìí. Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ wúkọ́. Ó ní lóòótọ́, àlòkù òun ni, pé áyọ́ọ̀nù ló jó orí rẹ̀ jẹ nígbà kan, ínṣì mẹ́rin péré. Òun sì ti ń fi í ránṣọ bẹ́ẹ̀? Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni. Aṣọ ta? Ó wo ilẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́.

Ọgbọ̀n ènìyàn tó ti ń ra aṣọ yáàdì lé yáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́ẹ̀kan náà lórí fóònù bí ìròyìn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Alága nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣírò tirẹ̀: 50 inú ìwé yẹn, irọ́ ni, 46 ni òun! Ó bọ́ agbádá sọ́wọ́ Akápò láàárín ọjà, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó ní kí wọ́n fi tépù tó pé wọn òun níwájú gbogbo ayé. Ọ̀gá Tẹ́lọ̀ wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n, torí ó rò pé àtàǹpàkò òun ló ṣì í.

Ínṣì 52.

Akẹ́kọ̀ọ́ fa bírò yọ. Ó ní láti 46 sí 52 láàárín Iléyá kan sí oṣù yìí, òun kò tíì rí i nínú agbo kankan. Ó bẹ Alága pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń fún yín nílé?